Baba Ìfọwọ́sí àti Géèmù Tí Ẹnikẹ́ni Ò Gbá Tán

Ẹ má bi mí bóyá Alága Àjọ Géèmù kàwé, ẹ má sì bi mí irú ilé tó kọ́. Báírò rẹ̀ ni kí ẹ bi mí. Mẹ́tàdínlógún ni wọ́n lórí tábìlì rẹ̀, wọ́n tò lẹ́sẹẹsẹ bí ọmọ iléèwé, kò sì sí ọ̀kan lára wọn tó kọ nǹkan mìíràn rí ju orúkọ Alága lọ. Ọkùnrin náà fẹ́ràn àtifọwọ́ síwèé ju oúnjẹ lọ. Bí wọ́n bá kọ̀wé béèrè fún ọṣẹ ilé ìyàgbẹ́, á fọwọ́ sí i. Bí wọ́n bá lẹ ìwé "Ẹ rọra ti ilẹ̀kùn" mọ́ ògiri, á ní kí wọ́n já a wá fún òun, á fọwọ́ sí i, kí wọ́n tó lọ lẹ̀ ẹ́ padà. Ìdí nìyí tí àwọn òṣìṣẹ́ fi ń pè é ní Baba Ìfọwọ́sí. Ẹ̀yìn rẹ̀ ni wọ́n ti ń pè é bẹ́ẹ̀ o, torí kò sẹ́ni tó ń fi ọ̀nà ọ̀fun ara rẹ̀ ṣeré.

Iṣẹ́ tí ìjọba gbé lé e lọ́wọ́ ò le. Kí ó máa gbọ́ ohun tí àwọn tó ń gbá géèmù ń sọ nípa àwọn géèmù tuntun, kí wọ́n má baà máa ta gbàrọgùdù fún aráàlú. Ó tán. Àmọ́ kí n má purọ́ fún yín, ọkùnrin yìí ò gbá géèmù rí láyé ẹ̀. Àwòrán ńlá kan wà lára ògiri ọ́fíìsì rẹ̀ níbi tó ti di pádì tí wọ́n fi ń gbá géèmù mú, tó fajú ro bí ẹni tó ń jagun. Ó doríkodò mú pádì náà, wáyà rẹ̀ ò sì so mọ́ nǹkan kan. Ọdún mẹ́fà ni àwòrán yẹn ti wà níbẹ̀, ẹnikẹ́ni ò sì la ẹnu sọ̀rọ̀.

Ní gbogbo àárọ̀ ọjọ́ Ajé, àwọn òṣìṣẹ́ gbọ́dọ̀ tò sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ láti kí i. Akọ̀wé Àjọ ló máa ń ṣíwájú. Ọkùnrin pẹ́ńpẹ́ kan ni, tí ẹ̀yìn rẹ̀ ti tẹ̀ nítorí ìtẹríba.

"Alága wa! Òye tó ga ju òrùlé lọ! Ẹ̀yin tí ẹ bá wo géèmù lójú, tí géèmù á bojú wolẹ̀! Kí làwọn ọmọ kéékèèké yìí mọ̀ nípa géèmù? Kí iná mànàmáná tó dáyé lẹ ti mọ̀ ọ́n gbá!"

"Ó tó, ó tó," Alága á ní, á na ọwọ́ bí ẹni tó ń dá a lẹ́kun. Bí Akọ̀wé bá wá dákẹ́ lóòótọ́, á rọra sọ pé, "Máa bá a lọ."

Lọ́dún tí mò ń sọ yìí, Alága pe ìpàdé. Ó pe àwọn ọ̀gá ẹ̀ka mẹ́fà, ó sì pe ọ̀dọ́mọkùnrin kan tó wọ gíláàsì ojú, tó ni ilé iṣẹ́ tí wọ́n ti ń ṣe géèmù.

"Mo rò ó," Alága ní, "mo tún un rò, mo sì fara mọ́ ohun tí mo rò. Àjọ yìí yóò ṣe géèmù tirẹ̀. Akọni Ilẹ̀ Wa ni yóò máa jẹ́."

Akọ̀wé ti pàtẹ́wọ́ kí orúkọ náà tó jáde tán.

"Ta ni yóò jẹ́ akọni inú rẹ̀, sà?" aṣegéèmù béèrè.

Alága wo òkè àjà bí onírẹ̀lẹ̀. "Mi ò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi ojú mi sí i o."

"Yéè! Alága, ẹ ṣàánú wa!" Akọ̀wé ti dọ̀bálẹ̀ gbalaja. Àwọn ọ̀gá ẹ̀ka mẹ́fẹ̀ẹ̀fà wo ara wọn, àwọn náà dọ̀bálẹ̀.

"Ó dáa, nígbà tó jẹ́ pé ẹ̀ ń fi ipá mú mi." Ló bá ṣí dúrọ́ọ̀ tábìlì rẹ̀, ó kó fọ́tò méjìlá jáde: iwájú, ẹ̀gbẹ́, ìgbà tó ń rẹ́rìn-ín, ìgbà tó ń ronú nípa ìlú.

Àbí ẹ rò pé ó parí síbẹ̀? Alága ní akọni náà ò gbọdọ̀ ṣubú, torí ojú òun ni, ojú òun ò sì lè balẹ̀. Ó ní kò gbọdọ̀ sáré, èèyàn ńlá kì í sáré. Ó ní kò gbọdọ̀ bá ẹnikẹ́ni jà, kí àwọn ọ̀tá rí i kí wọ́n sì tọrọ àforíjì.

"Sà," aṣegéèmù ní, "tí kò bá sáré, tí kò bá jà, tí kò bá ṣubú, kí ni ẹni tó ń gbá a á wá máa ṣe?"

"Kí ó máa wò ó."

Ogójì ilẹ̀kùn ló wà nínú géèmù náà. Alága pàṣẹ pé kí ilẹ̀kùn kọ̀ọ̀kan tó ṣí, kí àwòrán òun jáde, kí ó sì bá ẹni tó ń gbá a sọ̀rọ̀ fún ìṣẹ́jú méje. Aṣegéèmù béèrè pé bọ́tìnnì wo lèèyàn á tẹ̀ tí kò bá fẹ́ gbọ́. Alága ní irú èèyàn wo ni kò ní fẹ́ gbọ́. Bẹ́ẹ̀ ni kò ṣe sí bọ́tìnnì. Ọ̀gá ẹ̀ka kan, tí òun náà fẹ́ kí wọ́n rí òun, dá a lábàá pé kí ẹni tó ti ra géèmù náà tún máa ra àkàbà tí yóò fi gun òkè. Wọ́n yìn ín gan-an.

Nígbà tó ku ọ̀sẹ̀ kan kí géèmù jáde, aṣegéèmù wá bẹ̀bẹ̀. "Sà, ẹ fún wa ní oṣù mẹ́rin sí i. Odò ò tíì ṣàn. Ẹ̀yìn làwọn ẹyẹ ń fò sí. Tí akọni bá dé abẹ́ afárá, ojú ẹ̀ á yọ bọ́ sílẹ̀."

"Ojú ta ni?"

"Ojú yín ni, sà."

Alága ronú. "Ẹ sún afárá náà sẹ́yìn, kí ó jìnnà. Ọjọ́ tí mo pé ọdún mẹ́fà lórí àga yìí ni géèmù náà gbọ́dọ̀ jáde. Ṣé ẹ ò rí àwọn ilé iṣẹ́ ńláńlá ni? Wọ́n á ta àbọ̀ fún èèyàn lónìí, wọ́n á máa fi ìyókù ránṣẹ́ díẹ̀díẹ̀. Sùúrù náà wà lára ìdárayá."

Wọ́n gbé e jáde. Ẹ gbà mí, wọ́n gbé e jáde bẹ́ẹ̀!

Ó wá ku obìnrin kan tí ẹ gbọ́dọ̀ mọ̀. Iyàrá tó kángun sí ilé ìyàgbẹ́ ló ń jókòó sí, Anti ni gbogbo ọ́fíìsì sì ń pè é. Òun ni aṣàyẹ̀wò: bí géèmù tuntun bá jáde, á gbá a dópin, á ka ohun tí àwọn tó rà á kọ nípa rẹ̀ sórí ẹ̀rọ, á sì kọ ọ́ ránṣẹ́ sí Alága. Ọdún mẹ́sàn-án ló ti ń ṣe é, onígbà díẹ̀ ni wọ́n sì kà á sí. Ìyá rẹ̀ ń bá a gbé, ojú ìyá náà sì ń ṣú. Ilé ìwòsàn Àjọ máa ń ṣiṣẹ́ abẹ ojú fún òbí òṣìṣẹ́, àmọ́ ẹni tó bá ní ìwé ìgbanisíṣẹ́ lọ́wọ́ nìkan ni wọ́n ń pè ní òṣìṣẹ́. Ìwé ti Anti ti wà lọ́dọ̀ Alága fún ọdún márùn-ún. Ojú ọ̀tún ìyá ti lọ pátápátá lọ́dún tó kọjá. Tòsì ló kù, òun náà sì ti ń ṣe bàìbàì.

Gbogbo ọjọ́ Ajé ni Anti máa ń kúnlẹ̀ ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ yẹn. "Alága, ẹ dákun, ìwé mi."

"Mò ń ṣiṣẹ́ lórí ẹ̀," Alága á ní, á sì fọwọ́ pa á lórí bí ẹni tó fún un ní nǹkan.

Kí ọ̀sẹ̀ méjì tó pé tí Akọni Ilẹ̀ Wa jáde, ẹgbàajì èèyàn ti kọ èrò wọn sílẹ̀. Anti kà wọ́n tán. Awakọ̀ kan kọ ọ́ pé: "Mo ra àkàbà. Mo gun àkàbà. Mo dé òkè, wọ́n ní kí n ra àkàbà." Bàbá ọlọ́mọ kan kọ ọ́ pé: "Èmi àtọmọ mi jókòó láti ṣeré. Alága ń sọ̀rọ̀, ọmọ mi sùn. Èmi náà sùn. Nígbà tí a jí, ó ṣì ń dúpẹ́ lọ́wọ́ ara rẹ̀." Akẹ́kọ̀ọ́ kan ní: "Ojú ẹ̀ bọ́ lábẹ́ afárá. Ibẹ̀ nìkan ló dùn. Mo ti padà síbẹ̀ lẹ́ẹ̀mọ́kànlá." Aránṣọ kan tó ti ń gbá géèmù láti kékeré ni ọ̀rọ̀ rẹ̀ dun Anti jù: "Ẹ̀yin tó ń ṣe géèmù lásìkò yìí, ẹ ti sọ wá di ajá. Ẹ ó ju egungun sílẹ̀ fún wa, ẹ ó ní ẹran ń bọ̀ lọ́la. Owó ẹran lẹ sì gbà."

Anti kọ ìjábọ̀ rẹ̀. Ìlà méjì péré ni: Géèmù yìí ò tíì parí. Àwọn tó rà á ń bínú, wọ́n sì jàre.

"Kí leléyìí?" Alága béèrè.

"Ohun tí àwọn tó ń gbá a sọ ni, sà."

"Èrò wọn ni mo ní kí o kó wá, mi ò ní kí o kó ìwọ̀sí wá bá mi."

"Èrò wọn náà nìyẹn, sà."

"Ìwọ alára ńkọ́, ṣé o gbá a?"

"Mo gbá a tán, sà. Ó gbà mí ní odindi ọjọ́ iṣẹ́ kan. Tí a bá yọ ọ̀rọ̀ tí ẹ̀ ń sọ kúrò níbẹ̀, kò tó wákàtí méjì."

Alága fa báírò yọ, ó fọwọ́ sí ìjábọ̀ náà, ó sì jù ú sínú apẹ̀rẹ̀ ìdọ̀tí. Ẹ má rẹ́rìn-ín. Ìwé ni, wọ́n gbé e síwájú rẹ̀, kò lè ṣe kó má fọwọ́ sí i.

Nígbà náà ló pàṣẹ tó gba àga lọ́wọ́ rẹ̀. Ó ní gbogbo òṣìṣẹ́ Àjọ, láti orí Akọ̀wé dé orí ẹni tó ń gé koríko, kí olúkúlùkù kọ èrò kan bí ẹni tó ra géèmù náà, kí ó sì fún un ní ìràwọ̀ márùn-ún. Ọ̀ọ́dúnrún òṣìṣẹ́ ni wọ́n. Ẹ̀yin náà mọ àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba. Ẹni tó ti ń kọ ìwé ọ́fíìsì láti ogún ọdún, kò lè kọ nǹkan mìíràn mọ́, bí ìwé ìfẹ́ ló fẹ́ kọ sí ìyàwó ẹ̀, á fi nọ́ńbà fáìlì sí i. Ẹ wo ọ̀kan:

"Àjọ/Géèmù/Ìyìn/114. Tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀ ni mo fi ń kọ ìwé yìí láti fi tó yín létí pé ọmọ ọdún mẹ́rìnlá ni mí, mo sì ti gbá géèmù tí a dárúkọ lókè yìí. Inú mi dùn, gẹ́gẹ́ bí àṣẹ ọjọ́ kẹta oṣù yìí ti wí. Ìràwọ̀ márùn-ún wà pẹ̀lú ìwé yìí fún ìgbésẹ̀ tó bá yẹ. Ẹ̀dà sí: Akọ̀wé Àjọ, Ẹ̀ka Ìṣúná, Fáìlì."

Ẹni tó ní làákàyè ìbá ti wò ó lẹ́ẹ̀mejì. Àmọ́ Alága ní kò sí ìwé tó lè jáde ní Àjọ yìí láìjẹ́ pé òun fọwọ́ sí i. Ọjọ́ méjì ló fi jókòó, tó ń fọwọ́ sí èrò àwọn ọmọ ọdún mẹ́rìnlá, tó sì ń lu òǹtẹ̀ mọ́ wọn. Wọ́n ya àwòrán ìwé kọ̀ọ̀kan, wọ́n sì gbé gbogbo rẹ̀ sórí ẹ̀rọ, tòǹtẹ̀-tòǹtẹ̀.

Anti nìkan ni kò kọ. Ó dá ìwé tí wọ́n fún un padà ní òfìfo.

"O mọ̀ pé ìwé rẹ wà lọ́wọ́ mi," Alága ní.

"Mo mọ̀, sà." Ẹ̀rù bà á. Ó rántí ojú òsì ìyá rẹ̀. "Àmọ́ èmi ni mo ka tàwọn tó rà á lóòótọ́."

Kò tó wákàtí kan tí àwọn agbágéèmù fi rí i. Ọmọ ọdún mẹ́rìnlá wo ló ń fi ẹ̀dà ránṣẹ́ sí Ẹ̀ka Ìṣúná? Wọ́n yẹ àkókò tí wọ́n gbé àwọn ìyìn náà sórí ẹ̀rọ wò: aago mẹ́sàn-án sí aago mẹ́rin ni gbogbo rẹ̀, ẹyọ kan ò sì bọ́ sí àkókò oúnjẹ ọ̀sán. Ẹ̀rín pa wọ́n. Nígbà tí ẹ̀rín tán, inú tún bí wọn, torí ọ̀rọ̀ tiwọn ni Àjọ kó kúrò lórí ẹ̀rọ, tí wọ́n fi òǹtẹ̀ rọ́pò. Awakọ̀ alákàbà ló kọ́kọ́ ronú kàn án. Ó tún ẹ̀sùn rẹ̀ kọ sínú ìwé gidi: "Agbágéèmù/Ìyà/001. Tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀ ni mo fi ń fi tó yín létí pé ẹ ti jẹ owó àkàbà mi. Ẹ̀dà sí: Mínísítà." Ó fi ránṣẹ́ sí Àjọ. Àwọn yòókù rí i, wọ́n ní àwọn náà ò ní gbẹ́yìn.

Wàyí o, ọkùnrin kan ń bẹ ní Àjọ tí wọ́n ń pè ní Bàbá Onífáìlì. Ọdún kẹrìnlélọ́gbọ̀n rẹ̀ rèé lẹ́nu iṣẹ́, kò sì ka inú lẹ́tà kankan rí. Nọ́ńbà ló máa ń wò, á wá wo ibi tí wọ́n kọ "Ẹ̀dà sí." Òfin sọ pé ẹ̀dà gbọ́dọ̀ dé ọ̀dọ̀ ẹni tí wọ́n dárúkọ láàárín ọjọ́ mẹ́ta. Bàbá ò bi ẹnikẹ́ni ní nǹkan kan. Ó di ẹgbàajì ẹ̀dà sínú páálí, ó sì ní kí ọkọ̀ Àjọ kó wọn lọ sí ọ́fíìsì Mínísítà, tó jẹ́ ọ̀gá Alága.

Mínísítà ò nífẹ̀ẹ́ géèmù, bẹ́ẹ̀ ni kò nífẹ̀ẹ́ àwọn tó ń gbá a. Àmọ́ ó dé ọ́fíìsì láàárọ̀, kò rí ibi tí yóò gbé ẹsẹ̀ sí, páálí ti dí ojú ọ̀nà àga rẹ̀. Ìyẹn dùn ún. Ó ní òun ń bọ̀ wá jókòó ní gbọ̀ngàn Àjọ ní ọjọ́ Ẹtì, kí gbogbo ayé wá ro ẹjọ́ wọn.

Láàárọ̀ ọjọ́ Ẹtì yẹn, Alága ránṣẹ́ pe Anti. Ó na ìwé kan tí wọ́n ká sí méjì sí i, òǹtẹ̀ Àjọ hàn lẹ́yìn rẹ̀.

"Ìwé rẹ rèé. Tí Mínísítà bá béèrè, o mọ ohun tí wàá sọ. O kúrò níbẹ̀, o gbà á, ìyá rẹ sùn sórí bẹ́ẹ̀dì ilé ìwòsàn lọ́sàn-án òní. Tí o bá wá rò pé ẹnu rẹ mú…" Ó ti ìwé náà bọ àpò.

Gbọ̀ngàn kún. Àwọn òṣìṣẹ́ wà níwájú, àwọn agbágéèmù wà lẹ́yìn. Alága dìde, ó tún àgbádá ṣe.

"Mínísítà ọlọ́lá jù lọ, ẹ̀yin ọ̀tọ̀kùlú, ẹ̀yin ará ẹ̀yìn lọ́hùn-ún. Ìtàn yóò béèrè pé, ta ló kọ́kọ́ fi géèmù kọ́ ọmọ aráyé ní sùúrù? Ìtàn yóò sì dáhùn ara rẹ̀! Ìràwọ̀ ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀jọ ni aráàlú fi dá mi lọ́lá…"

"Ìwọ lo fọwọ́ sí gbogbo ẹ̀!" aránṣọ pariwo látẹ̀yìn.

"Bẹ́ẹ̀ ni!" Alága dáhùn, àyà rẹ̀ yọ síwájú. "Gbogbo rẹ̀! Mi ò fi ìkankan sílẹ̀!"

Ẹ gbọ́ fúnra yín. Wọ́n ò tíì fi ẹ̀sùn kàn án tán tó ti jẹ́wọ́, ó sì rò pé ìyìn ni.

Mínísítà yán. Ó ní, "Ọ̀rọ̀ pọ̀. Nínú gbogbo ẹ̀yin òṣìṣẹ́ tí ẹ kọ̀wé yin géèmù yìí, ta ló gbá a tán?"

Akọ̀wé ń wo bàtà rẹ̀. Ọ̀gá ẹ̀ka alákàbà ń wo bàtà Akọ̀wé.

Anti dìde. Alága fọwọ́ kan àpò rẹ̀, ó ń wò ó. Anti náà rí ọwọ́ yẹn. Ó fi ọwọ́ di ẹ̀yìn àga iwájú rẹ̀ mú.

"Èmi ni, sà. Mi ò kọ̀wé yìn ín, àmọ́ mo gbá a tán. Kò dáa. Wọn ò tíì ṣe é tán tí wọ́n fi tà á. Gbogbo ohun tí àwọn èèyàn yìí kọ, òótọ́ ni, mo kà á ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, mo sì kọ ìjábọ̀. Apẹ̀rẹ̀ ìdọ̀tí ni wọ́n jù ú sí."

Àwọn ará ẹ̀yìn hó yèè. Ojú Alága pọ́n bí ẹ̀jẹ̀. "Aláìmoore!" Ó fa ìwé yọ lápò, ó gbé e sókè kí gbogbo èèyàn rí i, ó sì fà á ya sí méjì, ó fà á ya sí mẹ́rin, sí mẹ́jọ. "Ìwé rẹ nìyẹn! Lọ fi wo ojú ìyá rẹ sàn!"

Ẹ wò mí dáadáa níbí. Wọ́n ta géèmù àbọ̀, Mínísítà ń yán. Wọ́n fi ẹnu ọmọ ọdún mẹ́rìnlá purọ́, ó tún yán. Àmọ́ nígbà tó rí ìwé olóǹtẹ̀ tó ń já bọ́ sílẹ̀ wẹ́wẹ́, ó fò dìde bí ẹni tí àkekèé ta.

"Ìwé ìjọba! O fa ìwé ìjọba ya lójú mi?"

"Sà, ìwé lásán ni…"

"Nọ́ńbà wà lórí ẹ̀! Ta ni olùtọ́jú fáìlì níbí? Kà á síta, kí a mọ ohun tó bàjẹ́!"

Bàbá Onífáìlì ti wà lórí ìkúnlẹ̀, ó ń ṣa wẹ́wẹ́ náà. Ó tò ó sórí tábìlì, ó wọ gíláàsì rẹ̀, ó sì kà á ketekete: orúkọ, iṣẹ́, nọ́ńbà. Ó dé ìsàlẹ̀, ó tún un wò.

"Alága ti fọwọ́ sí i," ó ní. "Ọjọ́ kejìlá, oṣù kejì. Ọdún márùn-ún rèé. Ọjọ́ tí mo gbé e lọ fún un gan-an ni. Kò padà sọ́dọ̀ mi rí." Ó yọ gíláàsì. "Òfin sọ pé ọjọ́ tí wọ́n bá fọwọ́ sí ìwé ló bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Òṣìṣẹ́ ni obìnrin yìí láti ọdún márùn-ún sẹ́yìn."

Anti wo àwọn wẹ́wẹ́ náà, ó wo Alága.

"Ẹ ti fọwọ́ sí i," ó ní. "Gbogbo ọjọ́ Ajé tí mò ń kúnlẹ̀, ẹ ti fọwọ́ sí i. Ojú ọ̀tún ìyá mi ṣì ríran nígbà yẹn."

Alága wá ojú Akọ̀wé, Akọ̀wé ti yí ẹ̀yìn sí i, ó ń tẹrí ba fún Mínísítà. Alága la ẹnu, ó sì sọ òótọ́ ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́ tó sọ láti ọdún mẹ́fà. "Tí mo bá fún ẹ, o ò ní wá kí mi mọ́."

"Òótọ́ ni," Anti dáhùn. "Mi ò ní wá. Ọ̀dọ̀ dókítà ni ǹ bá gbé ìyá mi lọ."

Wọ́n gba kọ́kọ́rọ́ ọ́fíìsì lọ́wọ́ Alága níbẹ̀, wọ́n ní kó jókòó sórí àga oníke kan lẹ́bàá ilẹ̀kùn títí wọ́n á fi kọ ẹ̀sùn rẹ̀ tán: ìbàjẹ́ ìwé ìjọba, ẹyọ kan. Géèmù ò sí nínú ẹ̀sùn náà. Mínísítà ní kí wọ́n kó wẹ́wẹ́ náà sínú fáìlì, ẹ̀rí ni. Bàbá Onífáìlì, tí kò rú òfin rí, ti ń fi gọ́ọ̀mù lẹ̀ wọ́n pọ̀. Ó ya ẹ̀dà kan, ó fi ẹ̀dà náà sínú fáìlì, ó sì fa èyí tó lẹ̀ lé Anti lọ́wọ́, gọ́ọ̀mù rẹ̀ ò tíì gbẹ.

"Aago mẹ́rin ni ilé ìwòsàn ń tì," ó ní. "Sáré, ọmọ mi."